Nọ́ńbà Kìíní, Gbogbo Wa Ni

Ìpara ọwọ́ tí mò ń rà ní Kétu nígbà náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni agolo kan. Ẹni tó ń tà á búra fún mi pé òkè òkun ló ti wá. Mo mọ̀ pé Ìdúmọ̀tà ló ti wá, mo sì rà á bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ti ń ta ẹja yìnyín fún ọdún mẹ́tàlélógún, tí èékánná rẹ̀ ti rí bí ìpẹ́, kí ló fẹ́ fi ìpara olówó ńlá ṣe? Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ lásán nígbà yẹn. Wọ́n ní ọwọ́ mi ń tajà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò jókòó sídìí àtẹ rí. Ọwọ́ kan wà tó jẹ́ pé tó bá kọ́kọ́ kan ọjà láàárọ̀, ọjà náà á ti tán kí oòrùn tó kàn wá lórí. Ọwọ́ mìíràn náà wà tó jẹ́ pé tó bá kan tìrẹ, kó o kúkú palẹ̀ mọ́ kó o máa lọ sílé. Ní ìlà tiwa ní Ìkòsí, ọwọ́ tèmi ni wọ́n yàn ní ọwọ́ rere. Oníbúrẹ́dì á gbé búrẹ́dì àkọ́kọ́ rẹ̀ wá kí n fọwọ́ kàn án. Ọlọ́sàn á ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi gbé ẹyọ kan sókè.” Mo máa ń gbé e sókè. Mo sì máa ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí rí bóyá jíjẹ ẹ́ wà lára rẹ̀.

Àwa obìnrin mẹ́fà la jọ ń ta ẹja níbẹ̀. Nígbà tí ó sú wa láti máa san owó fún ẹlòmíì kó tó bá wa tọ́jú ẹja, a dá owó jọ, a ṣe kóòdù-rúùmù tiwa sẹ́yìn ìsọ̀: yàrá kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn irin kan, òtútù tó lè mú kí àna rẹ gbàgbé ìjà. Wọ́n fi mí ṣe alága. Kì í ṣe nítorí ìwé o. Pírámárì fóò ni mo ti bá ilé-ìwé pínyà, kò sì sí èyí tó sunkún nínú wa. Nítorí ẹnu mi ni, àti ọwọ́ mi.

Ọkùnrin kan láti Òjòtá ló bá wa fi ẹ̀rọ sára ilẹ̀kùn náà, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí bí ìrèké. Kò sí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Òǹkà mẹ́rin ni kálukú máa tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, òǹkà ẹnì kan ò sì bá ti ẹnìkejì dọ́gba. Tí mo bá tẹ tèmi, ẹ̀rọ á mọ̀ pé Nọ́ńbà Kìíní ló wọlé. Tí ẹni tó ń ta ẹja kótè jù láàárín wa bá tẹ tirẹ̀, Nọ́ńbà Kẹta nìyẹn. Títí dé orí ẹnì kẹfà.

Ó kó wa jọ síwájú ilẹ̀kùn bí ọmọ ilé-ìwé. “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀rọ yìí ní ìwé nínú. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ló ń kọ sílẹ̀: nọ́ńbà ta ni, ọjọ́ wo, aago mélòó. Tí nǹkan bá sọnù lọ́la, ìwé yẹn la máa kà. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ sọ òǹkà rẹ̀ fún ẹlòmíì.”

Oníkótè béèrè pé, “Ọkọ mi ńkọ́?”

“Kódà ọkọ yín.”

“Ìyẹn ò le. N kì í kúkú sọ nǹkan kan fún un.”

Èmi náà bi í bóyá ẹ̀rọ ń ya fọ́tò wa. Ó ní rárá, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Mo ní, “Áà, afọ́jú lẹ fi ṣọ́ ẹja fún wa!” A rẹ́rìn-ín títí tí ẹlẹ́ran tó wà lódìkejì fi wá wò wá. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mọ́mì, ohun tí ẹ bá sọ fún un ló máa sọ fún yín.”

Ó tún sọ nǹkan kan tí mi ò kà sí nígbà yẹn. Ó ní ìwé inú ẹ̀rọ náà ò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣílẹ̀kùn lọ. Tó bá ti kún, á máa pa ti àtijọ́ rẹ́ kó lè ráyè kọ tuntun. Ó ní kí òun máa wá lóṣooṣù, kí òun máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún wa, ó sì dá iye kan. Èmi alága ni mo kọ̀. Mo ní ta ló fẹ́ máa ka ìwé ilẹ̀kùn lóṣooṣù, ṣé ìdánwò la fẹ́ ṣe ni? Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, gbogbo ohun tí mo bá sọ ni wọ́n máa ń rín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí oníkótè fi wá bá mi ní kùtùkùtù. “Mọ́mì, mo ti ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí ẹ̀yin bá kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yìí, ọjà máa ń yá. Ọjọ́ tí mo bá fi tèmi ṣí i, eṣinṣin nìkan ni kọ́sítọ́mà mi. Ẹ fún mi ní òǹkà yín. Kí ọwọ́ yín ló ṣí i fún mi.”

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orin. Mo fún un. Kí oṣù tó parí, mẹ́rin nínú wọn ló ń fi òǹkà tèmi wọlé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, “Ọwọ́ Mọ́mì o!” bí ẹni ń ṣe àmín. Kí n má purọ́, òǹkà náà ò tiẹ̀ ṣòro: mẹ́rin ìgbẹ̀yìn nọ́ńbà fóònù mi ni, èyí tí mo ti fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sára ìsọ̀ mi. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ra ìpara. Ọwọ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún odidi ìlà, ó yẹ kó máa dán.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wọn gbà á. Ará Ṣakí ni, Nọ́ńbà Karùn-ún, ẹni tó kéré jù nínú wa, tó sì dé gbẹ̀yìn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí a bá ń ta yẹ̀yẹ́, á máa ha ìpẹ́ ẹja tirẹ̀ lọ. Òǹkà tirẹ̀ ló ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó dùn mí, mo sì bi í.

“Àbúrò, ṣé ọwọ́ mi ò mọ́ tó fún ẹ ni?”

“Ó mọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin yẹn ló ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ọkùnrin yẹn ló ń bá ẹ tajà?”

“Rárá, mà. Ṣùgbọ́n òun ló mọ ẹ̀rọ.”

Mo yíjú sí àwọn yòókù. Mo ní, “Ẹ̀yin, ẹ bá mi wá ṣọ́ọ̀kì àti pátákó. Tíṣà ti dé.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí i ní gúdù mọ́níìn, tíṣà. Ó ń dá wọn lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n pe gbogbo wa sí ìpàdé ní ọ́fíìsì ọjà nípa gọ́tà tó dí. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la lọ, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ará Ṣakí wà lápá ọ̀tún mi. Ọkùnrin kan dìde, ó ní àwa ẹlẹ́ja la fi ìpẹ́ dí gọ́tà. Mo dìde sí i. Mo ti sọ nípa bàtà rẹ̀, mo ti sọ nípa ikùn rẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé orí gọ́tà gan-an ni fóònù mi dún.

Dírẹ́bà kọ́sítọ́mà mi kan ni, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn ará Magodo. Ìyá náà ti sanwó ẹja títù páálí mẹ́ta, dírẹ́bà sì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tí mo bá ní kí n lọ ṣí i fún un, ọkùnrin onígọ́tà á rò pé òun ti lé mi lọ. Mo jókòó, mo fi etí ìborùn bo ẹnu, mo sì sọ òǹkà mi fún dírẹ́bà.

“Títù mẹ́ta o! Èyí tó wà lápá òsì. Kó o fa ilẹ̀kùn náà dé dáadáa.”

“Yẹ́sì, Mọ́mì.”

Mo dìde padà, mo parí iṣẹ́ mi lára ọkùnrin náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe oníkótè ló jí ìlà. “Mẹ́sàn-án! Páálí kótè mi mẹ́sàn-án! Mo kà á ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó pé. Ẹ wá wo ibi tó ṣófo!” A wò ó. Ibẹ̀ ṣófo lóòótọ́, ó ṣófo bí ẹnu ọmọ tuntun. A pe ọkùnrin Òjòtá. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ, ó lọ tẹ ìwé náà jáde lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé níwájú títì, ó sì tẹ́ bébà sórí páálí kan. Gbogbo wa yí i ká.

Ó ní lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún ni ilẹ̀kùn ṣí. Ó wò mí.

“Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan ṣí i lẹ́ẹ̀mẹtàlélógún?”

Ẹ̀rín sọ. Oníkótè tó ń sunkún pàápàá fi imú rẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe Mọ́mì nìkan. Gbogbo wa là ń lò ó. Ọwọ́ wọn ló ń tajà.”

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé orí. Nígbà tó yá, ó ní, “Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé yìí ò lè sọ nǹkan kan fún yín.”

Oníkótè já bébà náà gbà. “Ó ti sọ ọ́! Ẹ̀ẹ̀kan tó kù ńkọ́? Nọ́ńbà Karùn-ún. Ta ni Nọ́ńbà Karùn-ún?”

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ará Ṣakí ní, “Èmi ni. Aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ni. Páálí kan ni mo gbé, tèmi ni, ẹ̀yin náà sì rí mi.”

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́jà tí kò mọ òǹkà. Bébà náà wà níwájú mi. Mo ń fi ojú sọ̀ kalẹ̀ lórí aago wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí ọ̀kan: Nọ́ńbà Kìíní, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ọ̀sán. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní ìpàdé gọ́tà nígbà yẹn. Èmi ni mo wà lórí ìdúró tí mò ń sọ nípa bàtà ẹni ẹlẹ́ni. Mo mọ ẹni tó wọlé. Mo mọ ẹni tó ṣí i fún un.

Ìka ọkùnrin Òjòtá náà ti ń bọ̀ lórí bébà, ó ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ó ti la ẹnu, ó ní, “Ta ló wá...”

Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Nọ́ńbà kìíní, gbogbo wa ni. Gbogbo wa ò lè para pọ̀ ja ara wa lólè. Ẹni tó dá ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe.”

Ọ̀rọ̀ náà dún dáadáa. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀, pé ó dún dáadáa. Wọ́n mi orí. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbọ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣe ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ fẹ́ mú yìí o.” Oníkótè ní kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kó máa padà sí Òjòtá. Èmi ni mo san owó náà.

Páálí kótè mọ́kànlá ni ará Ṣakí ní nínú yàrá náà. Wọ́n kó mẹ́sàn-án fún oníkótè, wọ́n gbé méjì tó kù fún un síta, wọ́n sì ní kí ọkùnrin náà pa Nọ́ńbà Karùn-ún rẹ́ kó tó lọ. Arábìnrin náà ò jà. Kò sunkún. Ohun kan ló béèrè.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú bébà yẹn?”

Oníkótè ní, “Mú un, kó o fi di àkàrà.”

Ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í sínú póòsì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún mi bí ìṣe rẹ̀. “Ó dàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.” Ó wá wo ojú mi, kò pẹ́, bí ẹni tó ń wò bóyá òjò máa rọ̀.

Mo pe ìyá Magodo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní ṣé dírẹ́bà gbé ọjà dé? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, títù mẹ́ta, ó sì dúpẹ́. Ó ní dírẹ́bà ọ̀hún tiẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kò sọ ibi tó ń lọ, fóònù rẹ̀ ò sì wọlé mọ́. “Ṣé kò sí o, Mọ́mì?” Mo ní kò sí. Mo ní mo kàn ní kí n kí yín ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn lè máa pa ẹlòmíì lẹ́rìn-ín kí ìdí ọkàn rẹ̀ sì máa jó. Ará Ṣakí gba àyè kékeré kan nítòsí bíríìjì Kétu, ó tẹ́ pátákó lé búlọ́ọ̀kù, ó ń ra ẹja díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì láti tà. Kò ní yìnyín tó tó. Tó bá di ọ̀sán, ẹja rẹ̀ á ti rọ̀, àwọn tó ń rà á á sì máa yínmú sí i bí wọ́n ti ń ná an. Òkìkí ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó dé Mile 12 pàápàá: obìnrin Ṣakí tó jí kótè. Mo kọjá lọ́jọ́ kan, mo rí oníbúrẹ́dì tiwa níwájú rẹ̀. Ará Ṣakí fẹ́ ra búrẹ́dì, ó na ọwọ́. Oníbúrẹ́dì fa agbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kó tọ́ka sí èyí tó fẹ́, òun á mú un fún un. Kó má fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, búrẹ́dì inú agbọ̀n yẹn ni èmi ti fọwọ́ bùkún fún.

Mo gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe dípò rẹ̀. Oníkótè wá sọ fún wa pé àbúrò ọkọ òun tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá máa gbé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bébà ò tó, ó fẹ́ kí wọ́n yẹ inú ẹ̀rọ gan-an wò. Ẹ̀rù bà mí. Bébà tó wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń pè lólè, kò sẹ́ni tó máa kà á; ṣùgbọ́n ẹ̀rọ, ọlọ́pàá á ka aago inú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá rántí ohun tí ọkùnrin Òjòtá sọ: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ni, lẹ́yìn náà á máa pa ti àtijọ́ rẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ilẹ̀kùn.

Mo ń ṣí i, mo ń tì í. Mo ṣí i tí mi ò fẹ́ mú nǹkan kan. Mo ṣí i kí n fi ka ẹja. Mo ṣí i kí n fi wò ó bóyá mo ti tì í. Ogójì ìgbà lóòjọ́, nígbà mìíràn àádọ́ta, kí Ọjọ́bọ̀ yẹn lè tètè bọ́ sí kòtò ìgbàgbé. Mo tiẹ̀ sọ fún ara mi pé àánú ará Ṣakí ni mò ń ṣe: tí ẹ̀rọ bá gbàgbé, ọlọ́pàá ò ní rí ohun tí wọ́n fi máa mú un. Ọkàn ènìyàn mọ irọ́ í pa o, kò sì nílò ilé-ìwé.

Àwọn tó kù ń yìn mí. “Ẹ wo bí Mọ́mì ṣe ń ṣọ́ ẹja wa.” Ẹja tí mò ń ṣọ́ ti ń sun omi. Òtútù ń jáde, ẹ̀rọ yìnyín ń kérora bí aboyún, iná tí a san owó rẹ̀ fún oṣù kan jó tán kí oṣù tó dé ìdajì. A tún dá owó iná. Èmi alága ni mo gba owó náà jọ, mo sì bá wọn ṣépè fún àwọn oníná.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Mo ti ṣí i, mo ti tì í, mo tún ń tẹ òǹkà. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà mélòó rèé lónìí?”

Ará Ṣakí ni. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó tó ti dúró síbẹ̀. Ó mú bébà náà lọ́wọ́, àwọn ojú ibi tó ti ká a ti ń ya.

Mo ní, “Àbúrò, kí lo wá ṣe níbí?”

“Wọ́n ní kí n wá sí téṣàn ní Mọ́ńdè. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan.” Ó fi ìka sí orí bébà. Kò wulẹ̀ wo ibi tó fi í sí, ó ti mọ̀ ọ́n. “Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ẹ̀yin lẹ ṣí i?”

“Mo... gbogbo wa là ń lò ó.”

“Gbogbo wa wà ní ìpàdé.” Ó gbé ìka kúrò lórí bébà. “Ọwọ́ ọ̀tún yín ni mo jókòó sí, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń pè é fún un. Títù mẹ́ta, èyí tó wà lápá òsì.”

Ìborùn tí mo fi bo ẹnu lọ́jọ́ náà, mo wá mọ̀ pé ojú ara mi nìkan ni mo fi bò.

Mo ní, “O mọ̀? O mọ̀ láti ọjọ́ náà, o sì jẹ́ kí wọ́n kó ẹja rẹ? Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?”

“Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ìwé ti dárúkọ mi. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní olè tún fẹ́ ba alága jẹ́. Ẹnu yín nìkan ni wọ́n máa gbà á.” Ó ká bébà rẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀, sí mẹ́rin. “Lójoojúmọ́ ni mo ń rò pé ẹ máa sọ ọ́. Mi ò wá bẹ̀ yín, mà. Ṣé kí n máa mú un lọ sí téṣàn, àbí ẹ̀yin á ṣáájú mi sọ̀rọ̀?”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ẹni tó ń béèrè bóyá kí òun bá mi di páálí ni.

Mo pe gbogbo wọn jọ níbẹ̀ yẹn, kí ìgboyà má baà tutù. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni mo sọ òǹkà fún olè tó kó kótè. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníkótè di ìhà mú. “Mọ́mì! Ẹ fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ jàre, ṣé ẹ fẹ́ gba tíṣà sílẹ̀ ni?” Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi ṣe ẹ̀fẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ òótọ́, wọn ò gbà á. Mo ní mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí mo gba bébà lọ́wọ́ ará Ṣakí, tí mo ka aago náà sókè, tí mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Ìwọ, níbo lo wà? Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń sọ̀rọ̀ lórí gọ́tà?” Ẹ̀rín ń kú lẹ́nu wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àbẹ́là tí wọ́n ń fẹ́ pa. Mo sọ ti dírẹ́bà. Mo sọ ti ìyá Magodo. Mo sọ ti ilẹ̀kùn tí mò ń ṣí pẹ̀lú. Ǹ bá ti fi ti ilẹ̀kùn pamọ́, kò sẹ́ni tó bi mí, ṣùgbọ́n ó ti ń jáde, mi ò rí i dá dúró.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Mo ti ń retí èébú, mo tiẹ̀ ti múra ẹnu sílẹ̀ fún un. Oníkótè kàn fà mí lọ́wọ́ ọ̀tún, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi títí.

Ó ní, “Ọwọ́ yìí náà ni.” Ó sì jù ú sílẹ̀.

Oníkótè fúnra rẹ̀ ló lọ bá àbúrò ọkọ rẹ̀ pé kó fi Mọ́ńdè sílẹ̀. Ọkùnrin Òjòtá padà wá. Ó fún kálukú ní òǹkà tuntun. Ó dá Nọ́ńbà Karùn-ún padà fún ẹni tó ni ín. Ó fi aago ẹ̀rọ wé ti fóònù rẹ̀ kó tó lọ. Láti ìgbà náà, ó ń wá lóṣooṣù, ó ń tẹ ìwé jáde, mo ń fi í kọ́ ìṣó. Tí ẹnì kan bá fẹ́ tẹ òǹkà báyìí, àwọn yòókù á kọ ẹ̀yìn sí i, bí ìgbà tí ìyàwó bá ń pààrọ̀ aṣọ. Oníbúrẹ́dì ò gbé búrẹ́dì wá fún mi mọ́. Mi ò bi í. Ìpara tó kù nínú agolo, mo fi fún ọmọ àbúrò mi.

Ó ku ẹja ará Ṣakí. Oníkótè ti ta mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n sì ti di ìtàn nínú ìkòkò onílé. Mo ní mo máa san án. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, páálí kótè kan jẹ́ ₦82,000. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́, ó ti di ₦91,500. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ má bínú, ẹnu mi ṣí kí n tó mọ̀.

“Àbúrò, ṣé ká ṣe é ní iye ọjọ́ tó sọnù?”

Ó ń ha ìpẹ́, kò gbé ojú sókè. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́ ni ká lò.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ará Ṣakí pa gbogbo ìlà lẹ́rìn-ín, èmi sì ni wọ́n ń rín. Mo mú fóònù láti san owó náà. Ó béèrè òǹkà àṣírí lọ́wọ́ mi. Mo kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, mo fi ọwọ́ òsì bo ojú fóònù, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ní ó ń tajà tẹ̀ ẹ́ ráńṣẹ́ sí i: ₦823,500.